Wọ̀bìà Kò Jẹun Mọ́

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá láàbù wa kọ lẹ́tà sí mi lónìí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi, bí mo bá sín, yóò gbọ́, síbẹ̀ lẹ́tà ló kọ. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ wa ń bọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún. Ó ní kí n ti fi hàn kí wọ́n tó dé pé omi ẹ́ńsáìmù tí yíìsì wa ń tú jáde lè dúró lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún láìwọ fìríìjì, kó sì tún lè jẹ ọ̀rá ike tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba tábìlì mi fún Oníkòkòrò, ẹni tó ń ṣèwádìí kòkòrò ní yàrá kejì, wọ́n á sì kó Wọ̀bìà, yíìsì wa yìí, kúrò nínú fìríìsà, wọ́n á dà á nù. Ó wá fi "mo dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ" kádìí ẹ̀. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wo?

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́ Wọ̀bìà. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, torí pé àwọn yíìsì yòókù ń ṣojú ayé nídìí ọ̀rá ni, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Àgbá kìíní tí a pọn lọ́dún tó kọjá lo ogójì ọjọ́ lórí pẹpẹ, ó ṣì ń yọ́ ọ̀rá wàìwàì. Gbogbo wa la yọ̀, Ọ̀gá gan-an jó. Àgbá kejì kú lọ́jọ́ kẹrin. Àgbá kẹta kú lọ́jọ́ karùn-ún. Yíìsì kan náà ni, oúnjẹ kan náà, ọwọ́ èmi yìí kan náà. Ta ni mo ṣẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti oko. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ọ̀rá yín tún ti wé mọ́ ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọ̀rá mi. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ìwọ lo kàwé ẹ̀. Wò ó, mo mú èyí tí mo fi bo ilẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn dání báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé, 'Yóò jẹrà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.' Mo ń kà á ketekete. Ìwé ara ẹ̀ gan-an ò tíì parẹ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rá náà ń jẹrà lóòótọ́, bí wọ́n bá kó o sínú òkìtì ilẹ̀dú tó gbóná, tó sì rin, tí wọ́n ń yí lójoojúmọ́. Ilẹ̀ oko ẹ̀gbọ́n mi kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń yí i. Àwọn tó tà á mọ̀. Wọn ò kọ ìyẹn sára ẹ̀. Lẹ́tà Ọ̀gá ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ yìí wá bu epo sí i. Àgbẹ̀ ra ọ̀rá kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́, ọ̀rá ti wá di ìdajì ilẹ̀.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ ò tó nǹkan. Ó ní kí n sáà fún òun ní nǹkan inú ìgò tí òun lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí òun fọ́n ọn sórí ọ̀rá nígbà tí òun bá ráyè. Kò ní fìríìjì lóko, kò sì ní rà á nítorí mi.

Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Àgbá kẹrin kú. Ọjọ́ kẹrin géérégé. Mo ki ọ̀rá bọ inú ẹ̀ láàárọ̀, mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀rá ń léfòó, ó ń dán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ooru náà ń pa wá. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá wa ń pariwo, kò mú nǹkan kan tutù. Mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ sórí ìwé: oúnjẹ yíìsì, ooru, yíìsì fúnra ẹ̀, àwọn kẹ́míkà lẹ́búlẹ́bú tí a ń pò. Omi nìkan ni mi ò kọ. Ẹ̀rọ asẹ́-omi wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀dọ̀ àwọn alátùn-únṣe dé lọ́dún tó kọjá ni, omi tó ń ti inú ẹ̀ jáde mọ́ ju ọkàn gbogbo wa lọ.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Mo pààrọ̀ ṣúgà tí Wọ̀bìà ń jẹ. Oníṣúgà ti fi ìdajì lé iye tó ń tà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi lé e. Mo dá àgbá karùn-ún sílẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Àgbá karùn-ún kú.

Nídìí oúnjẹ, mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ó lè jẹ́ pé Wọ̀bìà ti yó ni." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbaná jẹ. Mo ní ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe yíìsì kó bọ́ síta kó wá bá mi ṣe é. Ẹ̀rín dá wáí. Ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo tí a kò tíì jẹun tán nínú ẹ̀.

Bàbá wọn gbé oúnjẹ mi tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Ó ní, "Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí lẹ́tà yẹn ti dé, gbogbo wa là ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀lẹ̀ rìn nínú ilé yìí." Mo ní kó gbé oúnjẹ náà sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Oníkòkòrò wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òun kàn fẹ́ wọn tábìlì náà, kí òun sì wo ibi tí iná ẹ̀ ń gbà wọlé. Tábìlì tí mo ṣì jókòó sí. Mo ní kó wọn fèrèsé náà pẹ̀lú, kó lè rán kọ́tìnnì ẹ̀ sílẹ̀ dè mí.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Mo rò pé Wọ̀bìà ti yí padà lọ́wọ́ wa ni, torí yíìsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá ń bí i léraléra. Mo wá padà lọ sínú fìríìsà, mo mú ojúlówó tí a tọ́jú lọ́dún tó kọjá, èyí gan-an tí a fi pọn àgbá kìíní, mo bí i nínú ìkòkò kékeré. Ẹ́ńsáìmù ẹ̀ jáde dáadáa, ó jẹ ọ̀rá lọ́jọ́ kìíní bí iná. Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó ti kú. A jẹ́ pé kì í ṣe yíìsì.

Bí mo ṣe ń gbọn ìgò kan nídìí fèrèsé ni mo rí ìfófòó nínú ẹ̀. Ọṣẹ. Ọṣẹ kì í dá ẹ́ńsáìmù sí. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọdún mẹ́fà, lẹ́tà, Oníkòkòrò tó ń wọn tábìlì mi, àṣé ọṣẹ ni!

Mo gbé ìgò náà, mo gba yàrá ìfọgò lọ. Ìyá Ìgò ló ń fọ gbogbo ohun èlò wa, òun náà ló ń pọn omi tí a ń lò sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó jù mí lọ dáadáa, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ó ń nu ọwọ́ nígbà tí mo wọlé.

"Ìyá Ìgò, kí lèyí?"

Ó gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Màdáámù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ṣan ìgò kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta? Ta ló wá ń hó nínú ẹ̀, èmi ni?"

"Ó lè jẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ pọn náà ló ń hó. Ó máa ń hó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n. Màdáámù, nǹkan kan wà tí mo ti ń fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ yìí..."

Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí. Mo sọ ọ̀pọ̀ nǹkan míì tí mi ò ní kọ síbí. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan án.

Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

Mo kọ ẹjọ́ Ìyá Ìgò ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ojú ewé kan péré. Mo kọ "àìbìkítà" sí i ní ibi méjì.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ní kí Ìyá Ìgò lọ rọ́kún nílé ná títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò. Ó ká ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí èmi náà.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Mo ní kí akọ̀wé ilé ìpamọ́ já páálí ìgò tuntun fún mi, ìgò tí ilé iṣẹ́ dì, tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ rí. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo dúró lórí ẹ̀ títí ó fi já a. Àgbá kẹfà ti parí, mo sì ti rọ ọ́ sínú àwọn ìgò náà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń run erùpẹ̀. Inú mi dùn. Mo ra búrẹ́dì ńlá lọ sílé.

Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Àgbá kẹfà kú. Nínú ìgò tí kò rí ọṣẹ rí.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹrin

Mo lọ gba lẹ́tà mi padà ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé wọn ń fi rúlà họ ẹ̀yìn.

"Lẹ́tà yín ti wọ fáìlì, mà."

"Ẹ yọ ọ́ nínú fáìlì."

"Fáìlì kì í pọ nǹkan tó bá ti gbé mì."

"Mo ní ohun tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Obìnrin yẹn ò ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí tàánútàánú. "Mà, ó rọrùn ká lé èèyàn lọ sílé. Láti pè é padà, ó di kí ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jókòó."

Ìwé kan péré ló gbé e lọ, ó wá di ìgbìmọ̀ odidi kó tó lè padà. Mo gbá ilẹ̀kùn wọn mọ́ra bí mo ṣe ń jáde. Ó ṣí padà fúnra ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin

Kò tó oṣù kan mọ́ tí ìgbìmọ̀ máa dé, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Mo lọ sílé Ìyá Ìgò láàárọ̀. Mi ò lọ wá ìdáhùn kankan, ẹ̀bẹ̀ ni mo bá lọ.

Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró, aṣọ tó sá kún ojú fèrèsé. Ó nu àga fún mi kí n tó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sórí láti ilé pòórá.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Kì í ṣe ọṣẹ."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọṣẹ, Màdáámù."

"Mo lo ìgò tuntun. Ó ṣì kú."

Ó wá ní, "Ìgò tí mo fọ̀ náà lẹ lò lọ́dún tó kọjá tó fi dáa. Èmi kan náà, ọṣẹ kan náà. Omi nìkan ló yí padà."

"Omi wo? Omi aláìlábùlà tí ẹ̀rọ sẹ́ la ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ ni, kì í ṣe òun lẹ lò. Ìgbà tẹ́ ẹ pọn ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀rọ asẹ́-omi bàjẹ́. Mo wá bá yín, mo ní kò sí omi. Ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ?"

Mi ò kọ́kọ́ rántí, àfi bó ṣe ń wò mí ni mo tó rántí. Mo ti sọ fún un pé bó bá tún sọ fún mi pé kò sí omi, kó máa wá iṣẹ́ míì.

"Mi ò tún sọ ọ́ mọ́," ó ní. "Mo lọ fa ti kànga ẹ̀yìn láàbù. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, mo jáwọ́, mo ní mo ti bọ́. Ìgbà tí nǹkan yín wá ń bàjẹ́, mo rò pé ó yẹ kí n sọ fún yín. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ ní ẹ ò gbọ́ àwáwí."

"Kí ló wá wà nínú omi kànga yẹn?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Òun náà la fi ń se tíì. Ó máa ń di funfun sí ìdí kẹ́tù, bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ọtí kíkan họ ọ́ fún yín."

Kálísíọ̀mù ni nǹkan funfun yẹn! Mo dìde, mo tún jókòó. Ẹ́ńsáìmù Wọ̀bìà fẹ́ kálísíọ̀mù kó tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, àwa sì ń fún un ní omi tí a ti sẹ́ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, a tún ń yangàn pé ó mọ́. Gbogbo wa ń mu tíì nídìí kẹ́tù yẹn lójoojúmọ́, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí a kà.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo sáré padà sí láàbù, mo dá ìkòkò mẹ́ta sílẹ̀. Mi ò rántí dúpẹ́, àfi ìgbà tí mo débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde, mo sì ti gbé ìgò wọn sórí pẹpẹ: omi aláìlábùlà, omi kànga, omi aláìlábùlà tí mo bu kálísíọ̀mù sí. Fúnra mi ni mo fa omi kànga náà. Okùn ẹ̀ gé mi lọ́wọ́. Bí gbogbo ẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ni yóò pé ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Ajé, 28 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ kẹrin. Aláìlábùlà ti kú. Àwọn méjì yòókù yọ́ ọ̀rá kí n tó mu tíì mi tán.

Mo sáré wọlé tọ Ọ̀gá, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un bó ṣe rí. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ó ti dára. Kọ ọ́ pé a ṣàyẹ̀wò àwọn ohun tó wà nínú omi létòlétò, a sì rí i pé kálísíọ̀mù ni."

"A ò ṣàyẹ̀wò nǹkan kan, sà. Ẹni tó ń fọ ìgò ló sọ fún mi."

"Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹni tó ń fọ ìgò ló ń ṣe ìwádìí wa?"

"Kí ẹ sọ pé òun ló fa omi. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pè é padà."

"Ọ̀rọ̀ tìyẹn wà ní ọ́fíìsì. Ìwọ lo kọ lẹ́tà, kì í ṣe èmi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó o bá sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn, wọ́n á béèrè ìwé iṣẹ́ àgbá kìíní. Ọwọ́ rẹ ló kọ 'aláìlábùlà' síbẹ̀. Ìwé irọ́ ni wọ́n máa pè é. Ro ara rẹ ro iṣẹ́ rẹ."

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ nípa lẹ́tà.

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kọkànlá, ó ṣì ń jẹ. Mo bu ìgò méjì nínú ti kálísíọ̀mù ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bó ṣe wí, kó dẹ̀ dúró dìgbà tí mo bá pè é. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ò tíì jókòó. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó fáìlì.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo ki ọ̀rá bọ̀ ọ́ láago mẹ́sàn-án, ó ti di ẹlẹ́gẹ́ láago mọ́kànlá, ó ti dàwátì kí a tó lọ jẹun ọ̀sán. Oníkòkòrò gan-an wá wò ó, ó ní ó wu òun. Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún

Ìgbìmọ̀ dé, èèyàn márùn-ún ni wọ́n. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ dáadáa, n ò lè jà á níyàn. Ó fi ọ̀rá tó yọ́ hàn wọ́n. Ó wá dé ibi tó ti ní, "Lẹ́yìn àyẹ̀wò létòlétò..."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ní àárẹ̀ ló mú mi, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi. Alága wọn, obìnrin àgbà kan tó gbé gíláàsì sórí irun, ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí: ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ìkìlọ̀ tí mo ṣe, kànga, kẹ́ẹ̀gì, irọ́ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ àgbá kìíní lábẹ́ ọwọ́ mi, lẹ́tà tí mo kọ.

Alága béèrè pé, "Ẹni tó fa omi yẹn dà?"

"Ó wà nílé, mà. Èmi ni mo lé e."

Wọ́n ní ká bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, wọ́n ní kí iṣẹ́ Wọ̀bìà máa lọ fún ọdún méjì sí i, ẹ̀rí ọjọ́ mọ́kànlélógún tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n fagi lé àgbá kìíní nínú gbogbo ìwé. Wọ́n ní ìwé iṣẹ́ mi kò ṣeé gbára lé, pé láti òní lọ, Oníkòkòrò ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò máa fọwọ́ sí i lójoojúmọ́. Bí ọmọ iléèwé. Mo gbà. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ọ̀gá gba yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "O ṣe é." Ó ju ẹran kan sínú àwo mi.

Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Alága àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wa ti bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ ìbáwí tí kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù jókòó láàárín wákàtí kan. Ìwé ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ Ìyá Ìgò ti jáde. Mo ní èmi ni mo máa gbé e lọ.

Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún

Mi ò bá a nílé. Aládùúgbò ẹ̀ júwe ilé ìfọṣọ kan fún mi, lẹ́yìn ọ̀nà kejì. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń to aṣọ ilé ìwòsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Ooru ibẹ̀ pọ̀ ju ti láàbù lọ. Ó kí mi, ó nu ọwọ́, ó ka ìwé náà tán pátápátá, ó sì ká a padà.

"Mo gbọ́ pé ẹ dìde níwájú àwọn èèyàn ńlá, ẹ sọ ọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ̀mí mi balẹ̀ tí mo gbọ́ ọ."

"Ẹ padà wá, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ yín máa wà nínú ìwé tí a máa kọ."

"Kí ó wà níbẹ̀. Inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà, Màdáámù."

Mo béèrè bóyá wọ́n ń fún un ní owó tó ju tiwa lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó tiẹ̀ dín díẹ̀.

"Níbí, tí nǹkan bá bàjẹ́, mo máa ń lọ sọ fún wọn. Wọ́n á kùn, wọ́n á wá tún un ṣe. Kò jù bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, bí ìgò kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń kọ́kọ́ lọ yọjú wo bí ojú yín ṣe rí láàárọ̀ yẹn kí n tó mọ̀ bóyá màá sọ. Ọdún mọ́kànlá, Màdáámù. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo fẹ́ bínú. Mo dúró nínú ooru yẹn, mo wá ìbínú kiri nínú ara mi, ẹni kan ṣoṣo tí mo rí bínú sí ni èmi. Ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n máa kí àwọn ọmọ.

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Wọn ò tíì rí ẹlòmíì tí yóò máa fọ ìgò. Mo fọ mẹ́tàdínlógójì lónìí, mo ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́ta fọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mẹ́ta fọ́, Oníkòkòrò fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo ti sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó máa fọ́n ọn. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tó ń sáré. Ó ní ibi tí òun fọ́n ọn sí, ọ̀rá ibẹ̀ ti rọ̀ bí ìwé tí òjò pa, òun fi ọwọ́ kàn án, ó ya mọ́ òun lọ́wọ́, òun ti pe gbogbo aládùúgbò oko wá wò ó. Ó ní, "Màá kó ẹrù oko wá fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Má dá mi lóhùn, màá kó o wá."

Mo ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó kó o wá fún. Ó ní ta ni nígbà náà? Mo júwe ilé ìfọṣọ náà fún un, mo ní kó béèrè obìnrin tó ń to aṣọ ilé ìwòsàn, kó sọ fún un ohun tó sọ fún mi yìí gan-an, kó má yọ ọ̀kan kúrò. Lẹ́yìn náà, mo padà sídìí ìgò.